Ìṣákọ́lẹ̀ Bàbá Wọ́ọ́tà

Bí ẹlòmíràn bá lọ wo ilé tó fẹ́ rà, òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ gbójú sókè wò. Èmi, ààlà ni mo kọ́kọ́ wá. Dọ́nà, obìnrin tó ń bá mi wá ilé kiri, ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kí n wá wo yàrá ìdáná. Èmi ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń wá ibi tí ilẹ̀ yìí parí sí àti ibi tí ti aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọgbà, kò sí pèrègún, kò sí òkúta kankan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Koríko tútù kan náà ló tẹ́ láti ẹ̀yìn ilé yìí dé ẹ̀yìn ilé kejì.

Dọ́nà pariwo láti inú ilé pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún un?

Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá mi, ọmọ Ìlobù ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa á ti máa mi orí báyìí. Ìlú méjì tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì, tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ti ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ní Ìfọ́n, bí mo bá ṣẹ ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n á ní kò yani lẹ́nu, ṣebí ará Ìlobù ló bí i. Bí mo bá lọ lo họ́lídè lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìlobù, àwọn ọmọ àdúgbò á ní ọmọ Ìfọ́n ti dé. Mo tètè mọ̀ pé èèyàn lè ní ìlú méjì kó má rí ibì kan jókòó sí.

Lẹ́yìn tí mo ti kúrò nílé ni ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Ilé bàbá mi wà ní ìpẹ̀kun Ìfọ́n, níbi tó kọjú sí Ìlobù. Ó jóná kanlẹ̀. A ò mọ ẹni tó sọ iná sí i, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀, ohun tó wù ú láti gbàgbọ́ ló ń sọ. Bàbá mi ti kú kí èyí tó ṣẹlẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé kò ṣojú rẹ̀. Ìyá mi àti Bàbá Tíṣà, àbúrò bàbá mi tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ olùkọ́, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bùnmi, ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní. Ilẹ̀ náà ṣófo, koríko ti hù borí eérú.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Kánádà. Òtútù, wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé èèyàn lè kí ará ilé kejì láàárọ̀, kí onítọ̀hún dáhùn láìdúró, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò ní béèrè bí mo ṣe jí, kò ní béèrè àwọn ará ilé. Wọ́n ní kí n máa pe obìnrin tó lè bí ìyá mi ní orúkọ àbísọ rẹ̀, láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, tí mo ti ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó sáré wá gbé mi dìde, ó rò pé mo ṣubú ni. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Òṣogbo, tí odindi kíláàsì máa ń dìde dúró kí! Mo wọ yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún díẹ̀, mo sì jáde wá nu ibi tó kù.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì ìgboro. Ọkùnrin tó kọ́ wa sọ lójú mi pé àwọn tó wá láti ilẹ̀ tó móoru kì í padà wá síbi iṣẹ́ lẹ́yìn yìnyín àkọ́kọ́. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, mo padà lọ. Òmíràn bọ́, mo padà lọ. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ṣì wà nídìí ọkọ̀. Mo ra àkàrà òyìnbó fún ara mi lọ́jọ́ tó lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan wọ bọ́ọ̀sì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó ní ibo ní Nàìjíríà. Mo ní Ìfọ́n. Ó ní ibo ni Ìfọ́n wà. Mo ní ẹ̀gbẹ́ Ìlobù ni. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Kò sí bí mo ṣe lè júwe ọ̀kan kí n má dárúkọ èkejì. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ náà.

Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló le jù. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, inú fúláàtì tí mo háyà á pa lọ́lọ́, àfi tẹlifíṣọ̀n ará òkè tí mò ń gbọ́ láti inú àjà. Nígbà náà ni mo máa ń pe ilé. Ìyá mi á kọ́kọ́ kí mi tán pátápátá: bí iṣẹ́ ṣe rí, bí ara ṣe rí, bí òtútù ṣe rí, ṣé mo jẹun, kí ni mo jẹ. Lẹ́yìn náà á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti rí ibi tó máa jẹ́ tìrẹ?" Mi ò mọ bóyá yàrá ló ní lọ́kàn tàbí nǹkan mìíràn. Mo máa ń dáhùn pé mo ṣì ń wá a, mà.

Ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo ti rí i. Ojoojúmọ́ ni ọ̀nà mi máa ń gba àdúgbò kan kọjá, àdúgbò tí wọ́n kọ́ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn sójà wọn ti ogun dé tí wọ́n sì nílò ibi tí wọ́n máa tọ́mọ sí. Àwọn ilé rẹ̀ kéré, wọn kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Àwọn igi tí wọ́n gbìn nígbà náà ti ga ju òrùlé lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé àti okùn ìsáṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn ìsáṣọ gidi, ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ aṣọ. Lọ́jọ́ tí mo rí pátákó pé wọ́n fẹ́ tà á, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù.

Dọ́nà kò fẹ́ mú mi lọ síbẹ̀. Ó ní àwọn ilé tuntun wà lẹ́yìn odi ìlú, pé inú mi á dùn níbẹ̀ jù, pé àwọn èèyàn mi pọ̀ níbẹ̀.

Mo ní, "Àwọn èèyàn mi wo?"

Ó ní, "Àwọn ará Áfíríkà."

Mo ní àwọn èèyàn mi wà ní Ìfọ́n àti Ìlobù, wọn kò sì tíì rí bí wọ́n ṣe máa gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Kó mú mi lọ wo ilé tí mo ní mo fẹ́ wò.

Àwọn tó ń ta ilé ní èdè tiwọn, mo sì ti ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ilé tó "móni lára" ni ilé tó há. Ilé tó "níwà" ni èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé. Àdúgbò tó "ti fìdí múlẹ̀" ni àdúgbò tí gbogbo wọn ti mọ ara wọn, tí wọ́n á sì máa yọjú lójú fèrèsé bí àlejò bá dé. Wọ́n yọjú lóòótọ́. Mo juwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí kọ́tìnnì fi padà sáyè rẹ̀.

Nígbà tí mo wá wọlé, mo wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́ sílé. Yàrá ìdáná kò gba ẹni méjì kí ìdí wọn má kan ara wọn. Táìsì ilé ìwẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ọkàn ara rẹ̀ yàn lóde òní. Òjò ti fi àmì yí igun àjà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ká ẹtí kápẹ́ẹ̀tì sókè, pákó líle ló wà nísàlẹ̀, ó ń dán. Mo fi ìka kan ògiri, pákó náà ni. Nílé, ṣọ́ọ̀bù lọ́nà ọjà ni wọ́n ń fi pákó kọ́, kì í ṣe ibi tí èèyàn máa sùn sí. Ọkùnrin tí mo mú wá láti bá mi yẹ ilé náà wò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí ògiri ti sán, ó ní ó ti pẹ́ tó ti sán, kò sì fẹ̀ sí i mọ́. Fèrèsé ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, òrùlé máa fẹ́ àtúnṣe láìpẹ́, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró, igi rẹ̀ kò jẹrà.

Nílé, ilé kì í parí. Bàbá mi kọ́ yàrá méjì, ó gbé ìyàwó wọlé, ó bí ọmọ, ó fi yàrá kún un. Ọdún tí kòkó ṣe dáadáa ló rẹ́ ẹ, ọdún mìíràn ló kun iwájú nìkan, ẹ̀yìn sì wà ní pupa títí tó fi jóná. Níbí, ilé ti parí kí o tó dé ibẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn parí lo ń rà, àti ilẹ̀kùn ewé tó wù ú, àti ìṣó tó kàn mọ́ ògiri láti fi gbé àwòrán ìyàwó rẹ̀ kọ́. Ó ṣe mí bákan lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún ara mi pé kí ló burú níbẹ̀? Èmi náà ní ìṣó.

Lọ́jọ́ kejì tí a lọ síbẹ̀ ni mo bá bàbá kan tó ń ti ẹ̀rọ ìgékoríko bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé tirẹ̀. Ó gé e, ó gé e, ó dé ibi tí mo rò pé ilẹ̀ rẹ̀ yẹ kó parí sí, kò dúró. Ó wọ ilẹ̀ ilé tí mo fẹ́ rà, ó ń gé e lọ.

Mo lọ dúró síwájú ẹ̀rọ náà. Ó pa á.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ta ló ní kí ẹ máa gé koríko orí ilẹ̀ yìí?"

Ó wò mí, ó nu ojú. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí n gé e. Mo kàn ń gé e ni."

Ẹ gbọ́ o! Èsì tí wọ́n fi ń dá ìjà sílẹ̀ ní ìlú wa gan-an nìyẹn. Ní tiwa, ẹni tó bá ń roko lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í, díẹ̀díẹ̀ ló ń di onílẹ̀. Bí ó bá pẹ́, á ní bàbá òun ló ni ín. Mo gbójú sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí ohun tó burú ju koríko lọ: ahéré onípákó kan, níbi tó ń kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì sí, ó dúró sí ibi tí ojú mi sọ fún mi pé kì í ṣe ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ahéré lónìí, abúlé lọ́la.

Dọ́nà fà mí lápá. Ó ní orúkọ bàbá náà ni Wọ́ọ́tà. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ ìyá tó ni ilé yìí ti kú ló ti ń bá ìyá náà gé koríko rẹ̀, pé inú rere ni.

Mo ní, "Mo mọ inú rere. Mo mọ ahéré náà."

Mo sọ fún un pé mi ò ní ra ilé náà àfi bí awọnlẹ̀ bá kọ́kọ́ wá fi ojú ààlà hàn mí. Ẹnu yà á. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í béèrè bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yìí, pé àwọn mìíràn ń wo ilé náà, pé bí ìyá tó ni ín bá gbọ́ pé mò ń dá wàhálà sílẹ̀, yóò tà á fún ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo fẹ́ ilé yẹn débi pé mo ti mọ ibi tí màá gbé àga ìyá mi sí bó bá wá kí mi. Síbẹ̀, mo ní kí awọnlẹ̀ wá.

Mo pe Òṣogbo. Bàbá Tíṣà ló gbé fóònù.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ní o fẹ́ ra ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n ní ilé pákó ni."

"Pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé níbí, sà."

"O wá rìnnà jìnnà tó báyìí lọ ra ilé pákó." Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Ilẹ̀ bàbá rẹ wà lófìfo. Bí a kò bá tètè gbé ilé lé e, àwọn ará ọ̀hún máa gbà á. Ìwọ nìkan ni ọwọ́ rẹ ká a nínú wa. Ilé tí o fẹ́ rà yẹn, bí ọlọ́jọ́ bá dé, ṣé ibẹ̀ la ó sin ọ́ sí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ó mọ̀ pé á dùn mí, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́. Ilé kan ṣoṣo ni agbára mi ká, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Mi ò wá ibojì, sà. Ilé ni mò ń wá."

Ó ní, "O ò ní gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mò ń gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé inú rẹ̀ nítorí kí ẹlòmíràn má baà rí ibẹ̀ gbé."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pè mí padà, èmi náà kò pè é. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú ilé náà lójoojúmọ́, mi ò wò ó, kí ojú má baà tì mí bí mo bá pàdánù rẹ̀.

Bàbá Wọ́ọ́tà ló yanjú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń ta ilé. Dọ́nà ló sọ fún mi. Ó ní bàbá náà pe ìyá tó ni ilé lórí fóònù, ìyá náà ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, Bàbá Wọ́ọ́tà sì ní kó dúró dè mí, kó jẹ́ kí obìnrin yìí wọn ilẹ̀ rẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló máa fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí awọnlẹ̀ má wá mọ́.

Awọnlẹ̀ náà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó wò, ó rìn, ó tún wò. Ó wá gbẹ́ ilẹ̀ létí ahéré Bàbá Wọ́ọ́tà, ibẹ̀ ló sì ti rí irin tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín àdúgbò náà. Ìdajì ahéré náà wà lórí ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo wo Dọ́nà bíi pé, ṣé o rí i báyìí? Gbogbo ìran mi ló rẹ́rìn-ín nínú mi.

Bàbá Wọ́ọ́tà tẹjú mọ́ irin náà títí, etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Èmi àti ọkọ ìyá tó ni ilé yìí la jọ kọ́ ọ. A ò wọn ilẹ̀. Bíà la mu, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó." Ó fọwọ́ pa pákó ahéré náà. "Màá wó o kí òtútù tó dé."

Dọ́nà sọ fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹ̀tọ́ mi ni, pé lọ́yà lè kọ̀wé sí i. Mo wo bàbá náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo rò ó pé bí ó bá wó o, kí ni màá fi ibẹ̀ ṣe? Màá dúró lójú fèrèsé ìdáná mi, màá máa wo ilẹ̀ tó ṣófo, màá sì máa sọ pé tèmi ni. Mo mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀kan nílé.

Mo ní, "Ẹ má wó o, sà. Ṣùgbọ́n ẹ máa san ìṣákọ́lẹ̀."

Ó ní, "Kí ni?"

Ìṣákọ́lẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó ti da àwọn ará wa rú láti ayébáyé: ta ló san án fún ta ni, bàbá ta ló kọ́kọ́ gbé iṣu wá fún bàbá ta ni. Mo ṣàlàyé fún un níbẹ̀, lórí koríko. Mo ní ní ìlú mi, bí èèyàn bá ń lo ilẹ̀ ẹlòmíràn, yóò máa mú díẹ̀ nínú ohun tó kórè wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe owó. Ohun tó wà fún ni pé kí gbogbo ayé mọ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹni tó ń lò ó sì lè máa lò ó láìsí ìbẹ̀rù.

Ó ní, "Ṣé tòmátì dára?"

"Tòmátì dára, sà."

Dọ́nà ní kí a jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kò pọn dandan, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí wa. Bàbá Wọ́ọ́tà na ọwọ́, èmi náà na ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ orúnkún díẹ̀ fún un, nítorí pé àgbà ni, ilẹ̀ tó máa di tèmi sì ni mo dúró lé. Ó ní kí n máa pe òun ní Wọ́ọ́tà. Mo ní ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀, Bàbá Wọ́ọ́tà ló máa jẹ́.

Mo ra ilé náà. Mo ṣí kápẹ́ẹ̀tì kúrò, mo fi ilẹ̀kùn ewé sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn kan ní àdúgbò kí mi káàbọ̀ pẹ̀lú kéèkì, àwọn kan kò tíì kí mi di òní, èmi sì ń kí gbogbo wọn, pẹ̀lú ìbéèrè ara àti ti ọmọ, títí wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ìyàwó ilé kejì ti ń bi mí báyìí bí mo ṣe sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lórí bọ́ọ̀sì pé ibo ni mo ti wá, mo máa ń na ìka sí òpópónà mi bí a bá ń kọjá. Bó bá tún ní kí n sọ ibi tí mo ti wá gan-an, mo máa ń sọ fún un pé ó ti dé bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn ń parí lọ, Bàbá Wọ́ọ́tà gba iwájú ilé wá, kò gba ẹ̀yìnkùlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó gbé agbọ̀n tòmátì dání, pupa wẹ̀ẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi lójú gbogbo àdúgbò. Ó ní, "Ìsakole." Mo gbà á. Mo gbàdúrà fún un ní èdè tiwa, kò gbọ́ ọ, ó ṣe àmín.

Mo pe Òṣogbo lójú ẹsẹ̀. Bàbá Tíṣà ló tún gbé e, a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Òyìnbó?" ó ní. "Òyìnbó ló gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún ọmọ Ìfọ́n?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà nílé. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tí o ti rí irin náà, kí ló dé tí o kò jẹ́ kó wó o?"

"Nítorí pé èmi ni mo ni ilẹ̀ náà, sà. Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo lè yá èèyàn."

Mo tún ní, "Ilẹ̀ bàbá mi náà, sà, ẹ jẹ́ ká fún ẹni tó máa dáko níbẹ̀. Kó máa gbé àgbàdo díẹ̀ wá fún yín lọ́dọọdún. Bó tiẹ̀ jẹ́ ará Ìlobù."

"Ará Ìlobù!" Mo gbé fóònù jìnnà sétí. "Ta ni ará Ìlobù tó máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún ará Ìfọ́n? Dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo fún mi!"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn ìyá mi sì bọ́ sí i, kò kí mi rárá.

"Èmi ni," ó ní.

Bàbá Tíṣà ní, "Ìyá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ là ń bá wí."

"Èmi lẹ̀ ń bá wí. Ìlobù ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ mi wá sí Ìfọ́n. Èmi ni n ó gbin àgbàdo náà, èmi ni n ó sì gbé ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ wá síwájú yín. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé ọmọ ìlú wo ni mí, kó wá bá mi lóko."

Kò tiẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo sì gbọ́ tó ń pe Àǹtí Bùnmi pé kó bá òun wá ọkọ́ jáde.